Òpó Alága Kì í Fẹ̀yìn Ti Nǹkan

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró ná. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń jókòó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ ti dìde? Ó dára. Alhaji Zakariyah Ọláníyan ni, Alága Àgbà àti Olùdarí Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Iná, Wáyà, Òpó àti Gbogbo Ohun Tí Ó Rọ̀ Mọ́ Wọn, ní Àdúgbò Ìdí-Ìyeyè, ní ìlú Ẹdẹ. Ẹ lè jókòó wàyí. Bí ẹ bá jẹ́ ará Ìdí-Ìyeyè ni, ẹ kò tíì ní jókòó, nítorí ẹ ó kọ́kọ́ kígbe pé "Alága!", àwọn tó kù yóò dáhùn pé "Ìmọ́lẹ̀ wa!", ẹ ó sì máa ṣe é lọ títí Alhaji yóò fi gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ọwọ́ náà kì í tètè gòkè.

Ipò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ipò ńlá. Mo fẹ́ kí a mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé orúkọ oyè náà ti ń bà yín lẹ́rù. Tiransifọ́mà àdúgbò ló bàjẹ́. Àwọn onílé péjọ, wọ́n ní kí ẹnì kan máa lọ bá àwọn oníná sọ̀rọ̀ fún àwọn. Gbogbo ènìyàn ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Alhaji nìkan ni kò ní, wọ́n bá ní kó máa lọ. Kí oṣù tó parí, ó ti yan akọ̀wé, ó ti ṣe òǹtẹ̀, ó ti ra àga kan tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fara kàn, fìlà rẹ̀ sì ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tiransifọ́mà ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà tí àwọn oníná wá tún un ṣe lọ́jọ́ tó wù wọ́n, Alhaji ló jókòó gba ìdúpẹ́.

Òpó irin orí òrùlé ló dá gbogbo wàhálà tó tẹ̀lé e sílẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: páìpù tó dúró lórí ilé, tí wáyà iná ń ti ẹ̀bá títì wá bà lé kí ó tó gbabẹ̀ wọlé. Kò sí ilé oníná tí kò ní in, kò sì sí ẹni tó ń bìkítà fún un àfi ẹyẹ. Lọ́jọ́ kan, Alhaji ń gba atẹ́gùn lẹ́yìnkùlé, ó gbójú sókè, ó sì rí i pé wáyà tó lọ sí ilé Ọláyínká onígbàjámọ̀ gba orí òrùlé òun kọjá. Wáyà onígbàjámọ̀! Lókè orí Alága Iná! Alhaji kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ iyán ni ìyàwó rẹ̀ gún.

Ní òwúrọ̀, ó ránṣẹ́ pe Daniel, oníṣẹ́ iná. Ó ní kí ó lọ bá àwọn wẹ́dà ní Sẹ̀kọ̀nà, kí wọ́n jó páìpù mọ́ páìpù, kí wọ́n tún jó òmíràn mọ́ ọn.

"Báwo ni kó ṣe ga tó, sà?" Daniel bèèrè.

"Kó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ rí ṣóńṣó rẹ̀, fìlà orí rẹ̀ á já bọ́."

"Ó ṣeé ṣe, sà. Àmọ́ irin tó ga tó yẹn ò lè dá dúró. A máa ní láti fi sítéè dè é."

Sítéè ni wáyà líle tí wọ́n ń fà láti ara òpó lọ sí ibi tó lágbára, kí òpó má baà yẹ̀. Alhaji ní kí ó dè é nígbà náà, kí ló tún ń dúró dè?

"Mẹ́ta ni wọ́n máa jẹ́, sà," ni Daniel wí. "Ọ̀kan á lọ sára ògiri iwájú, ìkejì á lọ sára ilé mọ́tò. Ìkẹta yẹn..." Ó yíjú sẹ́yìn. "Ìkẹta yẹn ò ríbi lọ àfi ara ògiri Ìyá Kaosarah. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ yín parí sí."

"Lo méjì."

"Méjì á kàn fà á wó ni, sà. Ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́ta. Ká tiẹ̀ gé òpó yẹn kúrú díẹ̀, kí ewu rẹ̀ lè dín kù—"

Alhaji wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó gé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Daniel ní kí wọ́n má bínú, ó ní àárẹ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe òun.

Ẹ má sì rò pé Daniel ni akọni ìtàn yìí o. Ó mọ òtítọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún mọ bí a ṣe ń gbàgbé rẹ̀ bí ojú ọ̀gá bá le. Ó gbé òpó náà nàró, ó fi okùn ike so ó mọ́lẹ̀ ná, ó ní ó di ìgbà tí ọ̀rọ̀ ògiri bá yanjú.

Ìyá Kaosarah tí wọ́n dárúkọ yìí, Sìmbíátù ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Gààrí ló ń rà ní ìlú Ara, tó ń lọ tà ní oríta Sẹ̀kọ̀nà. Ilé rẹ̀ kò ga, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àmọ́ ògiri rẹ̀ dúró sán-ún, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò jí símẹ́ǹtì nígbà tó ń mọ ọ́n. Yàrá ẹ̀yìn ilé náà ló kọjú sí ọgbà Alhaji, inú yàrá yìí sì ni Kaosarah, ọmọ rẹ̀ tó wá bímọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wà pẹ̀lú ọmọ tuntun. Bí òpó Alhaji bá wó síhà ibẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ló máa wó sí. Sìmbíátù ti sún bẹ́ẹ̀dì náà lọ sún un bọ̀. Yàrá iwájú kún fún àpò gààrí, yàrá ẹ̀yìn kò sì fẹ̀. Ibikíbi tó bá sún un sí, abẹ́ òpó ni. Kò sí ohun mìíràn tó ṣòro nínú ìtàn mi yìí. Ẹ kàn ṣáà máa rántí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Alhaji rán akọ̀wé rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀, sí Sìmbíátù. Adébáyọ̀ wọ kóòtù lọ.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Kaosarah. Alága Àgbà ló rán mi. Wọ́n ní kí n fi tó yín létí pé ìdàgbàsókè ti dé ara ògiri yín."

"Ìdàgbàsókè wo nìyẹn?"

"Ìṣó ńlá kan ni."

Sìmbíátù fún un ní àga, ó bu omi fún un. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀délẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, mi ò sọ pé kí wọ́n má kàn án o. Ọmọ mi ló ń sùn lábẹ́ irin yẹn, òun àti ọmọ ọwọ́. Ó wù mí kó dúró dáadáa ju bó ṣe wu Alága fúnra wọn lọ. Àmọ́ ọkọ mi ló mọ ògiri yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kan nǹkan mọ́ ọn, ṣebí ó yẹ kó wá kí wa, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kí wọ́n yà bí wọ́n bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Kí wọ́n tiẹ̀ kí wa kú ewu ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá yà ni kí Daniel máa kan ìṣó lọ."

Ẹ gbà mí o. Ṣé èyí le? Èwo nínú wa ni kò tíì ṣe é rí? Bí igi ọgbà ẹni bá fẹ́ ya wọ ọgbà aládùúgbò, a ó lọ síbẹ̀, a ó kí wọn, a ó jókòó, a ó bèèrè ara ọmọ, lẹ́yìn náà a ó sọ ti igi. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ló ń wá láàárín ènìyàn?

Adébáyọ̀ padà dé iwájú Alhaji. Ó kígbe, "Alága!" Kò sí ẹlòmíràn nínú pálọ̀, òun náà ló bá ara rẹ̀ dáhùn pé "Ìmọ́lẹ̀ wa!" Nígbà tí ọwọ́ gòkè, ó jíṣẹ́.

"Ó ní kí n yà? Kí n yà síbo?"

"Sílé òun, sà."

"Èmi?"

"Mo sì wo ẹnu ọ̀nà ilé náà dáadáa, sà. Ó rẹlẹ̀. Fìlà yín ò lè gba ibẹ̀ wọlé láìtẹ̀ba."

Alhaji fọwọ́ kan ṣóńṣó fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá àwọn ará ilé náà lè gbé ẹnu ọ̀nà wọn ga sí i. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kékeré kan lé e lórí. Ìgbìmọ̀ náà jókòó, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀.

Fawziyah, ìyàwó Alhaji, gbìyànjú ní tirẹ̀. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Alhaji, ẹ kàn yà síbẹ̀. Ẹ kí wọn kú ewu ọmọ, ó tán."

"Ṣé o fẹ́ kí n tẹ́ ni, Fawziyah?"

"Ọmọ tuntun mà ni, Alhaji. Ta ló ń tẹ́ níbi ọmọ tuntun?"

Alhaji ní òun yóò gbé e síwájú ìgbìmọ̀.

Ohun tó gbé síwájú àwọn ènìyàn kì í ṣe èyí. Nígbà ìpàdé gbogbogbòò, ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé lé èjìká, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìdí-Ìyeyè títí di òní.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Mo ti ronú, ìrònú mi sì ti jinlẹ̀ ju kànga lọ. Kí ni sítéè? Okùn ni! Ta ni wọ́n ń so lókùn? Ewúrẹ́ ni! Ṣé ẹ ti rí erin tí wọ́n so mọ́ èèkàn rí?"

"Rárá o!"

"Ṣé ẹ ti rí ìrókò tó fẹ̀yìn ti ògiri?"

"Ó tì o!"

"Òpó tó bá gbára lé nǹkan, òpó ọ̀lẹ ni. Òpó Alága kì í fẹ̀yìn ti nǹkan! Láti òní lọ, kò sí òpó kan ní àdúgbò yìí tó gbọdọ̀ dúró lórí ohunkóhun bí kò ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí olúkúlùkù lọ tú sítéè rẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Grace, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pa á títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ẹnì kan yíjú sí Daniel, ó ní kí ó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́. Daniel dìde, ó wo ojú Alhaji, ó ní ní òkè òkun wọ́n ti pa sítéè tì tipẹ́. Daniel kò dé òkè òkun rí. Ìbàdàn ló jìnnà jù tó dé, òjò sì lé e padà níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú sítéè. Alhaji náà ní kí wọ́n tú okùn ike tó wà lára tirẹ̀.

Òpó Ọláyínká onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ wó. Ó wó lé ilé adìẹ, ó sì pa àgbébọ̀ kan. Ẹnu kọ́kọ́ kùn. Ṣùgbọ́n Kọ́láwọlé wà níbẹ̀. Kọ́láwọlé ni alága ìjókòó níbi gbogbo ayẹyẹ, òun náà sì ni agbẹnusọ Alhaji. Bí èké bá ń mú ènìyàn sanra, ẹnu ọ̀nà ilé kò bá ti gbà á. Ó dé ibi tí òpó náà dùbúlẹ̀ sí, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò rí nǹkan ni? Òpó yìí ò wó o. Ó dọ̀bálẹ̀ kí òpó Alága ni!"

Inú Ọláyínká dùn. Ó fi ọ̀rọ̀ àgbébọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ti Yẹ́misí aránṣọ tẹ̀ láàárín tí kò sì balẹ̀, Kọ́láwọlé ní òpó obìnrin ni, ó kúnlẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, bí òpó kan bá ti lọ sílẹ̀, wọ́n á sáré lọ sọ fún Alhaji pé ti lágbájá ti kí yín, Alhaji á sì ní kí wọ́n bá òun kí òpó náà padà. Òkùnkùn wà ní Ìdí-Ìyeyè nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò wọ́n níbẹ̀ rárá.

Òpó Alhaji nìkan ló kù tí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí yàrá Kaosarah.

Lẹ́yìn èyí ni bánà bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa. Bí ènìyàn bá jẹ oyè, bó ti Mẹ́kà dé, bó gba ìwé ẹ̀rí, bó tiẹ̀ jẹ́ mọ́tò àlòkù ló rà, àwọn ènìyàn rẹ̀ á tẹ bánà ìkíni, wọ́n á gbé àwòrán ojú rẹ̀ sí i gbàǹgbà, wọ́n á sì kọ́ ọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ yóò ti rí i. Ẹgbẹ́ àwọn onílé kọ́ tiwọn sára òpó náà: A KÍ ALÁGA WA KÚ ORÍIRE ÒPÓ TUNTUN. Ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ rí i, wọ́n ṣe tiwọn, ó fẹ̀ jù ú lọ. Àwọn onígbàjámọ̀ ò gbà, wọ́n gbé tiwọn dé. Àwọn ọlọ́kadà náà kọ́ tiwọn. Daniel ló ń gùn ún lọ so wọ́n, ó sì ń so wọ́n le. Kí á tó mọ̀, òpó náà ti di ìgbòkun, ojú Alhaji sì ń rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀ dé òkè rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, irin á ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Sìmbíátù á dìde nínú yàrá, á wo àjà, á tún sún bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n mú ọjọ́ kan láti fi ṣí òpó náà. Òpó tó ti dúró láti ìgbà yìí wá, wọ́n ní wọn ò tíì ṣí i. Ọ̀sán ni, ní àsìkò tí òjò àkọ́rọ̀ ń múra àtirọ̀. Kánópì kún títì. Àwọn ènìyàn ńlá ti Òṣogbo wá, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n jẹ ẹran tán kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ ló ń bá máìkì ṣiṣẹ́ níbi ayẹyẹ òpó iná. Ìmáàmù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn méjèèjì bẹ Ọlọ́run pé kí òpó náà pẹ́ láyé.

Kọ́láwọlé gba máìkì. "Ẹni tó ga ju ẹni gíga lọ! Ẹni tí wáyà ń wá kí tó fi ń wọ ìlú! Ọ̀run ìbá jìnnà sí wa o, Alhaji ló fi irin kàn án!"

Alhaji dìde, ó gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ojú ọ̀run níhà ìlà-oòrùn sì ń dúdú. Bánà ìsàlẹ̀ mì. Èyí tó tẹ̀lé e mì. Irin ké.

Sìmbíátù la àárín àga kọjá wá síwájú, aṣọ ilé ló wọ̀. "Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀fúùfù ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gé àwọn nǹkan yẹn kúrò lára irin. Kaosarah ń fún ọmọ lọ́mú nínú yàrá."

Kọ́láwọlé dá a dúró. "Màmá, ẹ kọ́kọ́ kí Alága. Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ."

Ẹ má fojú rena rẹ̀ nítorí ohun tó ṣe yìí. Obìnrin tí kò jẹ́ kí akọ̀wé tó wọ kóòtù já òun láyà, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó kígbe "Alága!" bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ké pé ilé ń jó. Àwọn èrò dáhùn tayọ̀tayọ̀ pé "Ìmọ́lẹ̀ wa!" Ó tún un ké. Wọ́n tún un dáhùn. Ó kù kí ọwọ́ gòkè.

Nígbà tó gòkè, Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mọ́ ọn pé Sìmbíátù ló wá, pé òun kọ́ ló lọ. Ó ní, "A ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Bánà ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ gé?"

Àwọn olórí ẹgbẹ́ wo ara wọn lójú. Ẹni tó bá gé bánà ìkíni ẹlòmíràn, bí ẹni pé ó bú onítọ̀hún ni. Olórí àwọn onílé ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítorí ti àwọn wà nísàlẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lókè ní ṣé àwọn kì í ṣe ọmọ ìlú ni? Àwọn aránṣọ ní tiwọn lówó jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Daniel sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń retí àṣẹ.

"A kò gbọdọ̀ fi ìwàǹwára ṣe é," ni Alhaji wí lórí máìkì. "Akọ̀wé, ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré kan."

Sìmbíátù kò dúró gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ó sáré. Ó wọlé, ó fa Kaosarah dìde lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọmọ lẹ́nu ọmú, ó tì wọ́n síta níwájú ara rẹ̀. Ẹ̀fúùfù dé. Gbogbo bánà náà wú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ojú Alhaji wú pẹ̀lú wọn, òpó náà tẹ̀, wáyà já, ó sì lọ tààrà. Ó gba páànù kọjá, ó gba àjà kọjá, ó sì fi gbogbo gígùn rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí Kaosarah gbé orí lé ṣì gbóná.

Àwọn méjèèjì dúró ní ìta, ọmọ ń ké. Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn kánópì, ó ní, "Ó ti dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Kaosarah." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ènìyàn ń retí ọ̀rọ̀ Alága. Ká ní ó pariwo pé ọmọ ńkọ́, wọn ì bá dárí jì í ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nítorí a kì í pẹ́ bínú sí ènìyàn ńlá ní ìlú wa, ìyẹn sì ni àìsàn wa.

Máìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sì tíì kú.

"Òpó mi ńkọ́?" ni ohùn Alhaji ké jáde nínú gbogbo ẹ̀rọ náà. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kò ṣẹ́?"

Fawziyah ló kọ́kọ́ dìde. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó kọjá lọ bá Kaosarah, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà nítorí òjò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Grace lọ, lẹ́yìn náà Yẹ́misí, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn ńlá rántí pé wọ́n ń retí àwọn ní Òṣogbo. Alhaji dúró lábẹ́ kánópì, òun àti àga tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara kàn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fara kàn án.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e kò gùn. Daniel ní òun ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́láwọlé ní òun ò sọ pé òpó ń dọ̀bálẹ̀ rí. Ó ní ẹ̀fẹ̀ ni àwọn kan kò lóye. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ rí. Bí ẹ bá dé Ìdí-Ìyeyè lónìí tí ẹ bèèrè, ẹ kò ní rí ẹnì kan ṣoṣo tó wà níbi ìpàdé sítéè, bẹ́ẹ̀ gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti bínú sí wọn títí, ó ti sú mi. Wọ́n ní kí Yẹ́misí máa ṣe alága. Ó ní òun ò ráyè, aṣọ oníbàárà ń bẹ lọ́wọ́ òun. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi mú un nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: kí olúkúlùkù so sítéè rẹ̀ padà kó pé mẹ́ta, ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé, Daniel kò gbọdọ̀ fún un níná.

Wọ́n fi bánà bo ojú páànù tó ya títí wọ́n fi rí òmíràn rà. Bánà àwọn aránṣọ ló fẹ̀ tó. Kaosarah àti ọmọ rẹ̀ sùn lábẹ́ ojú Alhaji, òjò sì ń pa á lóru.

Iná dé sí ilé gbogbo ènìyàn. Ti Alhaji nìkan ló ṣókùnkùn. Páìpù tuntun rẹ̀ kúrú, ó kúrú ju ti onígbàjámọ̀ lọ, ṣùgbọ́n sítéè méjì péré ló ní, ìkẹta ṣì ń dúró de ògiri Ìyá Kaosarah. Ó ránṣẹ́ pe Adébáyọ̀, Adébáyọ̀ ní ara òun kò yá. Ó wo Fawziyah, Fawziyah ní òun ti ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti wẹ ọmọ, ti ìṣó kọ́ ni òun ń bá lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji Zakariyah Ọláníyan ṣe dá ara rẹ̀ dìde ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tó rin ìrìn tí kò tó èyí tí ewúrẹ́ ń rìn láti ilé kan sí èkejì. Kò sí ẹni tó kígbe. Sìmbíátù ń jọ gààrí ní pálọ̀.

"Ẹ káàsán, Ìyá Kaosarah."

"Ẹ káàsán, Alhaji. Ẹ wọlé. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Sìmbíátù fún un lómi, ó mu ún. Ọmọ náà ké nínú yàrá, Kaosarah sì ń rẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Sìmbíátù dá iṣẹ́ dúró, ó wo Alhaji, ó ń dúró. Àlejò tó kàn ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, bó bá gbọ́ igbe ọmọ tuntun, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa sọ. Alhaji gbọ́ igbe náà. Ó tún ẹsẹ̀ tò, ó wúkọ́, ó wo ògiri.

"Nípa ìṣó yẹn ni mo ṣe wá," ó ní.

Sìmbíátù fa ajọ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń jọ gààrí rẹ̀ lọ.

"Ọmọ wà dáadáa, Alhaji. Ẹ lọ kan ìṣó yín."